Ẹ yé é bú wọn pé wọn ò kọ́lé

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí gan-an ni. Àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá ti wálé ọdún báyìí, wọ́n á ní àwọn dúdú tí àwọn bá lọ́hùn-ún ò fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́, pé gbogbo 400 ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀ wọn ò rílé kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò da rárá.

Láti bíi 1910 sí 1970, àwọn dúdú tó tó mílíọ̀nù 6 ló kó kúrò ní Gúúsù, ní Mississippi, Georgia, Alabama, tí wọ́n gba Chicago, Detroit àti New York lọ. Ìyà ló lé wọn. Oko olóko ni wọ́n ń dá, tí wọ́n bá kórè tán onílẹ̀ á tún ní wọ́n jẹ òun ní gbèsè, àwọn aláwọ̀ funfun ò jẹ́ kí wọ́n dìbò, wọ́n sì lè so èèyàn dúdú rọ̀ sórí igi kẹ́nikẹ́ni má bi wọ́n. Ìwé ìròyìn kan, Chicago Defender, táwọn dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè ń gbé lọ fún wọn, ló ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ wà ní Àríwá (ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ rí agbára yín).

Wọ́n débẹ̀, iṣẹ́ wà, ilé ni wahala. Ìjọba ń dúró fún àwọn aláwọ̀ funfun ní báńkì kí wọ́n lè rówó ra ilé, àmọ́ àdúgbò dúdú, pupa ni wọ́n kùn ún lórí máàpù, ìyẹn ni pé ewu ni láti yá èèyàn lówó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yá wọn lówó. Ní Chicago, ọwọ́ àwọn kan ni wọ́n wá ń lọ, àwọn yẹn á ta ilé fún wọn lówó gọbọi, wọ́n á máa san án lóṣooṣù, ìwé ilé á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á títí owó á fi pé. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ẹni tó ti ń san án bọ̀ láti ọdún mélòó kan, tó wá ṣàìsàn, tí ò rí toṣù kan san, wọ́n á lé e jáde tìyàwó tọmọ, owó tó ti san ti wọgbó, wọ́n á tún tà á fún ẹlòmíì!

1968 ni òfin tó ní kí wọ́n má fi àwọ̀ ṣojúsàájú lórí ilé tó jáde. Òfin ìwọ̀lú 1965 tó ṣílẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún àwa náà, ìjà ẹ̀tọ́ táwọn dúdú yẹn jà wà nídìí ẹ̀, a ò sì bá wọn jà á.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ti ń padà sí Gúúsù báyìí, sí Atlanta àti Houston, níbi táwọn èèyàn wa náà ń ralé sí. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn tó ṣì wà láyé, kẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní Yorùbá, káwọn tó ń bú wọn lè kà á.

Olùkàwé yín, Ìbàdàn