Koi kì í ṣe àrọ̀

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Adágún ẹja ti ń pọ̀ sí i nínú ọgbà àwọn ilé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán, ẹja koi aláwọ̀ mèremère sì ni ọ̀pọ̀ ń kó sínú rẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn ẹja yìí ń kú láìtọ́jọ́, nítorí pé bí a ṣe ń sin àrọ̀ là ń sìn wọ́n. Bíríkìlà tó mọ odò àrọ̀ là ń pè, oúnjẹ àrọ̀ là ń rà, bí omi bá sì ń rùn, a ó tú gbogbo rẹ̀ dànù, a ó rọ tuntun. Àrọ̀ lè fara da èyí. Koi ò lè fara dà á.

Èémí ni ìdí rẹ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Bí omi bá bàjẹ́, á yọ ẹnu síta, á gbá afẹ́fẹ́, á padà sísàlẹ̀. Koi ò ní irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn tó tú sínú omi ló gbójú lé. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná tó ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù tó. Ní 20°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Ní 30°C, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Koi ò fẹ́ kó wálẹ̀ ju 6 lọ. Ẹ wá ro oṣù kẹta ní Ìlọrin, nígbà tí oòrùn bá ti ń na adágún tí kò jìn láti àárọ̀.

Òru ló tún burú jù. Ewédò tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé máa ń tú ọ́síjìn jáde lójú oòrùn, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà á máa bá ẹja pín ìwọ̀nba tó wà. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ló máa ń kéré jù. Ìdí nìyẹn tí ẹja tó jẹun dáadáa nírọ̀lẹ́ fi ń léfòó láàárọ̀, tí onílé á máa wá ẹni tó da májèlé sí i. Èyí tó tóbi jù ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹja, ẹ ra ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, kí ẹ sì wá ohun tí yóò máa gbé e lóru, iná ìjọba ì báà wà, ì báà má sí. Ẹ̀rọ 40 watt tó fún adágún ilé lásán. Bátìrì 12 volt, 100 amp-hour kan pẹ̀lú ínfátà kékeré á gbé e láti alẹ́ dé àárọ̀ láìjẹ́ pé ó gbẹ tán, sólà á sì padà kún un lọ́sàn-án. Bí owó ò bá tó ohun gbogbo, ẹ pa fáńténì àti gílóòbù ọgbà tì, kí ẹ gbé èyí. Bí ẹ bá bá wọn tí wọ́n ń yánu lókè omi, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ máa fi garawa bu omi adágún, kí ẹ máa dà á padà láti òkè kó máa pariwo, títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́.

Ẹja náà ń dàgbà o. Nígbà tí ẹ rà á, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ti ń sìn ní Niigata ní Japan láti ọjọ́ pípẹ́ ń kọjá sentimítà 60, ó sì lè gbé ju ọdún 25 lọ. Ẹ ka lítà 1,000 fún ẹja ńlá kọ̀ọ̀kan. Adágún tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó jìn ní mítà 1.5, lítà 9,000 ló ń gbà: ẹja 8 ti tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 200 àrọ̀ ni ẹlòmíì á kó sí i. Kó má jìn dín ní mítà 1.2, kí ìsàlẹ̀ lè máa tutù lọ́sàn-án, kí òtútù òru ọyẹ́ má sì yí omi padà lójijì.

Sìmẹ́ńtì tuntun náà ń pa ẹja. Ẹfun inú rẹ̀ ń tú sínú omi, ó ń gbé pH sókè, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó dà bí omi eérú. Bẹ́ẹ̀ ẹja ń tú amóníà, ìyẹn ẹ̀gbin ara rẹ̀, jáde sínú omi, amóníà yìí sì ń le sí i bí pH bá ṣe ń gòkè: ní 30°C, tí pH bá jẹ́ 7, èyí tó jẹ́ májèlé nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá dé 9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹ pọn omi kún adágún tuntun, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ tú u dànù, ẹ tún un ṣe léraléra títí pH kò fi ní kọjá 8.5 mọ́. Oògùn àyẹ̀wò tí a ń kán sínú omi ni kí ẹ fi wò ó, nítorí ojú lásán ò lè rí i.

Amóníà yìí gan-an ni iṣẹ́ asẹ́ tí pọ́ǹpù ń gbé omi adágún gbà kọjá. Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ni asẹ́ ń mú. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń sọ amóníà di nitrite, tó jẹ́ májèlé síbẹ̀, kó tó sọ ọ́ di nitrate tí ewéko lè jẹ. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n fi ń pọ̀ tó. Láàárín àkókò yìí, ẹja kan tàbí méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ àti nẹ́ẹ̀tì sí lẹ fi ṣe asẹ́, kí gbogbo rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá omi adágún. Fún lítà 9,000, ẹ ra pọ́ǹpù tó ń gbé lítà 4,500 ní wákàtí kan dé ibi tí omi ń gùn dé. Iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ máa ń wálẹ̀ tí páìpù bá ga.

Àwọn kòkòrò náà ń mí. Bí iná bá lọ fún wákàtí bíi mẹ́fà, omi inú dúrọ́ọ̀mù á ti máa bàjẹ́. Kí ẹ tó tan pọ́ǹpù padà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìsàlẹ̀ asẹ́, kí ẹ tú omi yẹn sẹ́yìn ilé. Omi adágún ni kí ẹ sì fi fọ asẹ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí chlorine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ, ń pa kòkòrò àti ẹja pọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ sùn ọjọ́ méjì nínú táǹkì tó ṣí sílẹ̀. Kànga ẹ̀rọ ò ní chlorine lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú omi rẹ̀ kéré, òmíràn sì ní irin tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja ń gbà mí. Ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè sínú táǹkì kó tó dé adágún. Ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún omi adágún ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀, láti ìsàlẹ̀.

Oúnjẹ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Koi ò ní àpòlúkù, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló bá a mu, èyí tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Oúnjẹ àrọ̀ ti le jù fún un, ìfun adìyẹ sì ń ba omi jẹ́. Ojúoró dára fún ibòji, kó má kàn bo ju ìdajì lọ.

Bí ẹja bá ń fi ara họ ògiri, tàbí tó ká lẹbẹ mọ́ra, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A bẹ̀ yín, ẹ má da tẹtirasákílìn, oògùn apakòkòrò àìfojúrí, sínú adágún; kòkòrò inú asẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pa. Iyọ̀ tí kò ní ayódíìnì, kílò 3 fún lítà 1,000, ló ń ran ẹja lọ́wọ́ sí nitrite àti ọ̀pọ̀ kòkòrò ara. Fún lítà 9,000, kílò 27 ni: ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pò ó kó tú kí ẹ tó dà á. Ẹ kó ojúoró kúrò ná. Iyọ̀ kì í bá oòrùn lọ, pípààrọ̀ omi nìkan ló ń mú un kúrò, nítorí náà ẹ má fi òmíràn kún un nígbà tí omi bá fà.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń ta koi ni pé kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bí adágún rẹ̀ ti tóbi tó, àti ohun tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lóru. Kí wọ́n sọ fún un pé kó ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ sínú táǹkì lítà 1,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá sì sú, kó dá a padà fún ọlọ́jà tàbí kó fún ẹlòmíì. Kò gbọ́dọ̀ jù ú sínú odò Asa, torí irú ẹja yìí a máa hú ìsàlẹ̀ odò, á sọ omi di ẹrẹ̀ mọ́ àwọn ẹja ibẹ̀ lọ́wọ́.

Àwa olùtọ́jú ẹja,
Ìlọrin, ìpínlẹ̀ Kwara.