Ẹ dárúkọ àwọn ará Ifẹ̀ tó ń ṣe eré ìtàn Ifẹ̀

Sí Olóòtú,

Ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn òṣèré wa nínú eré Mọremí tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn mí wọra. Nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà, ìtàn ìgbésí ayé àwọn òṣèré fíìmù méjì tí wọ́n pè láti Èkó gba ojú ìwé kan gbáko, àwòrán àwọn alága àti olùrànlọ́wọ́ gba òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú tó gbé eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò rí ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "àti àwọn mìíràn".

Ta ni àwọn mìíràn? Obìnrin tó ṣe Mọremí, tí gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, aránṣọ ni ní Lágere, ẹnu ìyá àgbà rẹ̀ ló sì ti kọ́ orin tó kọ nígbà tó fi Olúorogbo, ọmọ Mọremí, sílẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣe ọba àwọn Ìgbò, ìyẹn àwọn ọ̀tá Ifẹ̀ nínú ìtàn náà. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ìko tí wọ́n wá kó ìlú lẹ́rú, a rí mẹkáníìkì, a rí akẹ́kọ̀ọ́, a sì rí àwọn tó máa ń gbé ògùṣọ̀ nígbà ọdún Ẹdì tí a fi ń rántí Mọremí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rù iná tó hàn lójú wọn fi jọ òótọ́. Mo mọ èyí nítorí pé mo dúró bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn eré. Báwo ni ẹni tó ti Ìpetumodù wá, tó sì tètè padà, ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Àwọn aláṣẹ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ àṣà kì í yé pariwo lórí rédíò pé àwọn ń gbé àṣà Yorùbá ga, síbẹ̀ wọn kò ka àwọn tí àṣà náà wà lọ́wọ́ wọn sí. "Àti àwọn mìíràn"! Nígbà tí wọ́n dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1968, àwọn ará ìlú àti àwọn ará Yunifásítì ló jọ ń ṣeré níbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré bíi Jimi Ṣólàńkẹ́ àti Peter Fátómilọ́lá sì ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò nira. Kí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta péré nípa òṣèré kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ẹni tó kàn gbé ọ̀kọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin: orúkọ rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun, àti ẹni tó kọ́ ọ ní orin, ìjó tàbí ìtàn tó fi ṣeré. Kí ọmọ ilé ìwé kan jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń dánrawò, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nítorí àwọn àgbà tí kò lè kàwé, kí atọ́kùn eré ka gbogbo rẹ̀ sókè kí wọ́n tó ṣí aṣọ ìtàgé, dípò kíkí àwọn olóṣèlú fún odidi wákàtí kan. Kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé náà pamọ́ sí ibi ìkàwé ìlú.

Kí wọ́n san owó ọkọ̀ àwọn òṣèré náà pẹ̀lú. Wọ́n ní wọn yóò tún eré náà ṣe nígbà ọdún Ẹdì, àyè sì ṣì wà láti tún ìwé náà tẹ̀ kó tó dìgbà náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.