Igun Ìró Tó Fẹ̀ Jù Kọ́ Ló Yẹ Apẹja Orí Yìnyín

Sí Olóòtú,

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín láti Adó-Èkìtì, lórí àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ń bá àwọn ará Kánádà jókòó sórí adágún tó ti dì, tí wọ́n ń pẹja láti inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yìnyín. Àpilẹ̀kọ náà dùn ún kà. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọ́ka sí, nítorí pé owó kékeré kọ́ ló wà níbẹ̀: ibi tí akọ̀ròyìn yín ti gba òǹkàwé níyànjú pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ sónà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi, ra èyí tí igun ìró rẹ̀ fẹ̀ jù lọ, kí ó baà lè rí ẹja púpọ̀. Ìmọ̀ràn yẹn kò tọ̀nà fún ẹni tó jókòó ti ihò kan ṣoṣo. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama níbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Manitoba ní Kánádà sì ti bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an kí ó tó yọ owó jáde. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kí àwọn yòókù náà gbọ́, kí wọ́n má baà fi owó òógùn ojú wọn ra àbámọ̀.

Tíránsídúsà, ìyẹn orí ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, máa ń rán ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Ìró náà á kan ìjẹ, á kan ẹja, á kan ilẹ̀ adágún, á sì padà wá, ẹ̀rọ á wá fi àkókò tó lò lójú ọ̀nà ṣírò bí ohun tó kàn ṣe jìn tó. Nínú omi tó tutù tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mítà 1,400 ni ìró ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó sì ṣe ń lọ ló ń fẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ṣe ń fẹ̀ bó bá ṣe ń jìnnà sí ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Igun tí à ń sọ yìí ló ń pinnu bí fífẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ojú tíránsídúsà gan-an ni igun ti ń wá, pẹ̀lú iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n: ní kilohertz 200, ìyẹn ìgbà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú tó fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 20 á fún wa ní igun tó súnmọ́ dígíìrì 20, èyí tó bá sì fẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ díẹ̀ á fún wa ní 9. Ojú tó tóbi ló ń bí igun tó kéré.

Ní ibi tí omi bá ti jìn tó mítà 10, igun dígíìrì 20 á bo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 3.5, ti dígíìrì 9 kò sì ní ju mítà 1.6 lọ. Bí omi bá jìn tó mítà 30, ti àkọ́kọ́ á di mítà 10.6, ti èkejì á di 4.7. Ẹni tó bá gbọ́ iye wọ̀nyí lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé èyí tó bo ilẹ̀ púpọ̀ ló sàn. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ yìí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí nǹkan ṣe jìn sí i nìkan ló mọ̀. Ẹja tó wà ní mítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ á hàn lójú ẹ̀rọ bí ẹni pé abẹ́ ihò gan-an ló wà, apẹja á wá máa mi okùn ìwọ̀ rẹ̀ nínú òtútù fún ẹja tí kò rí ìjẹ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé orí dáàmù Ẹrò ní Ìkùn-Èkìtì ni èèyàn ti ń wa ọkọ̀ kiri, tó ń wá ibi tí yóò ju àwọ̀n sí, n kò ní bá akọ̀ròyìn yín jiyàn, nítorí ẹni tó ń rìn lórí omi lè tọ ẹja lọ, ìró tó fẹ̀ sì ń gbà á ní àkókò. Ti orí yìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹja kò bá sí lábẹ́ ihò, àfi kí èèyàn dìde kó lọ gbẹ́ òmíràn.

Ìdí kejì ló jẹ mí lógún jù, òun sì ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ilẹ̀ adágún tẹ́jú, pé ó sì wà ní mítà 10 lábẹ́ wa. Ẹja kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré sókè ilẹ̀, ṣùgbọ́n létí ibi tí ìró dígíìrì 20 dé. Nítorí pé ìró gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá a, ọ̀nà tó rìn dé ọ̀dọ̀ ẹja náà á tó mítà 10.05, nígbà tí ilẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ gangan kò ju mítà 10 lọ. Ìró ilẹ̀ á kọ́kọ́ padà dé, ti ẹja á sì sọnù sínú rẹ̀. Ẹja wà nínú agbègbè tí ẹ̀rọ sọ pé òun bò, ẹ̀rọ kò sì lè fi í hàn. Bí a bá lo dígíìrì 9, ẹja tó wà létí ìró ní ibi gíga kan náà á wà ní mítà 9.93, á sì hàn kedere lókè ilẹ̀. Ẹja walleye, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sórí adágún Winnipeg, sábà máa ń rìn mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Bí ilẹ̀ adágún bá tún wá dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ó burú sí i, torí pé apá tó ga nínú ilẹ̀ ni ìró tó fẹ̀ máa kọ́kọ́ kàn, yóò sì fi gbogbo ohun tó wà nínú kòtò pamọ́.

Mo gbà pé igun kékeré náà ní ibi tí kò ti wúlò. Nínú omi tó jìn ní mítà 3 péré, sẹ̀ǹtímítà 47 ni dígíìrì 9 á bò, ẹja á sì ti gbé ìjẹ kí ojú apẹja tó rí i pé ó ń bọ̀. Níbẹ̀, kí ó lo 19 tàbí 20. Ó sì ń fẹ́ ìfarabalẹ̀ ju èyí tó fẹ̀ lọ: bí tíránsídúsà oní dígíìrì 9 bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní dígíìrì 5 péré, nínú omi mítà 15, àárín ìró á kúrò lábẹ́ ihò ní mítà 1.3, bẹ́ẹ̀ sì rèé mítà 1.2 ni ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ìjẹ ẹni fúnra rẹ̀ á pòórá lójú ẹ̀rọ. Kí okùn tíránsídúsà so tààrà láìfara kan ògiri ihò, kí ojú rẹ̀ sì rékọjá ìsàlẹ̀ yìnyín díẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí òǹrajà gbọ́dọ̀ bi olùtajà. Ìró kì í dúró lójijì ní ibi tí iye dígíìrì tí wọ́n kọ sára páálí parí sí. Ńṣe ló ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń wọn igun dé ibi tí agbára ìró ti dín kù sí ìdajì, àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́n dé ibi tó ti ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà dígíìrì 20 ilé-iṣẹ́ kan lè má bá dígíìrì 20 èkejì dọ́gba. Bákan náà, ẹni tó bá yí agbára ẹ̀rọ sókè jù ti sọ ìró tóóró di èyí tó fẹ̀, torí pé ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹja tó wà lẹ́yìn etí ìró. Kí ó máa dín in kù títí ìjẹ rẹ̀ yóò fi di ilà tẹ́ẹ́rẹ́. Lójú àwọn ẹ̀rọ tó ń tan iná aláwọ̀ mẹ́ta, ẹja tó ń wọlé láti etí á kọ́kọ́ hàn bí fọ́nrán àwọ̀ ewé. Bó ṣe ń súnmọ́ àárín, á di àwọ̀ ọsàn, á nípọn, á sì pupa. Níbi tí igun bá ti kéré, ẹja tó bá pupa báyìí kò jìnnà sí ìjẹ, ìgbà yẹn sì ni kí ọwọ́ wà létí okùn.

Lórí èèyàn púpọ̀ tó ń pẹja nítòsí ara wọn, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: nínú omi mítà 20, ìró dígíìrì 20 fẹ̀ ní mítà 7, ti ẹni tó jókòó ní mítà 4 sí yín á sì máa wọnú tiyín.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí ó kọ́kọ́ mọ bí ibi tó ń lọ jùlọ ṣe jìn tó. Adágún Winnipeg kò jìn púpọ̀, nǹkan bíi mítà 12 ni tí a bá pín in dọ́gba, nítorí náà bí tíránsídúsà kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká, kí ó mú oní dígíìrì 12. Ilé-iṣẹ́ Vexilar, fún àpẹẹrẹ, ń ta oní dígíìrì 9, 12 àti 19. Bí owó bá wà, kí ó ra èyí tó ní igun méjì tí èèyàn lè máa yí láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá ń lọ sí ibi tó jìn ju mítà 15 lọ, 9 ni kí ó mú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó fẹ̀ fún un.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ tẹ àtúnṣe yìí kí òtútù tó mú lọ́hùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń ra ẹ̀rọ. Bí akọ̀ròyìn yín bá sì tún fẹ́ kọ nípa rẹ̀, kí ó máa kọ iye mítà tí omi jìn mọ́ iye dígíìrì tó bá dárúkọ, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó bá omi tirẹ̀ mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan,
Adó-Èkìtì.