Ọmọ Lísàbí, fáíbà wa ti há sẹ́nu àpáta o, ẹ dákun ẹ san tiyín

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìlàkàkà. Mi ò ní tún máa ro ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la jọ wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tá a fohùn sí i pé ó tó gẹ́ẹ́, àwọn kọ́ńpìnì ńlá ò ní fi owó dátà pọ́n wa lójú mọ́, àwa fúnra wa la máa fa fáíbà, wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, wọ àdúgbò, tẹgbẹ́ ló sì máa jẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Ká ní àtẹ́wọ́ ṣeé san sí báńkì ni, à bá ti parí iṣẹ́ tipẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ dé rèé. Páìpù ti wà nínú ilẹ̀ láti ẹnu títì títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn aláró, ibẹ̀ ló dúró sí, àpáta ló pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, díígà ń ta iná, òkúta ò mira, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ìlú yìí ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ àpáta la gbọ́dọ̀ háyà, owó rẹ̀ ni ò sí. Wáyà fáíbà tó kù, róòlù méjì gbáko, wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé Akápò, ìyàwó wọn ti gbé àpò gààrí lé e. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ní kí wọ́n gbé gààrí kúrò, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé róòlù mi kúrò ná. Ẹnu mi wọhò.

Ilé 120 ló forúkọ sílẹ̀, ₦60,000 ni ilé kan. Ilé 44 ti san tán, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí àìrí. Ilé 29 san ₦20,000 àkọ́kọ́, látìgbà náà a ò gbúròó wọn mọ́, bí ẹni tó lọ sóko tí kò bọ̀. Ilé 47 ò tíì san kọ́bọ̀, ẹnu wọn ló sì ń dún jù lórí WhatsApp. Mélòó ló wọlé? ₦3,220,000. Mélòó ló kù? ₦3,980,000. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ pa màlúù mẹ́ta nígbà tẹ́ ẹ ń sin bàbá lóṣù méjì sẹ́yìn, mo jẹ níbẹ̀, ó dùn, ẹ kú ìnáwó, ilé yín wà lára àwọn 47 yẹn o.

Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ti jẹ owó. Ẹ dákun, owó wo? Gbogbo rísíìtì wà lára ògiri gbọ̀ngàn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn tó ń pariwo ò sún mọ́ ibẹ̀ rí. A gbà pé páìpù àkọ́kọ́ tá a rà tẹ́ẹ́rẹ́ jù, omi òjò àti iyanrìn wọ inú ẹ̀, wáyà ò ráyè kọjá, a sì tún un rà, ₦210,000 bá a lọ, àṣìṣe wa ni, a ti bẹ̀bẹ̀ nípàdé, ṣé kí a tún wá dọ̀bálẹ̀ lójú títì ni? Ti ₦38,500 tí wọ́n ní a fi ra máàtì àti pọ́ọ́fù-pọ́ọ́fù lọ́jọ́ tí ẹ̀ńjíníà wá wo ilẹ̀, òótọ́ ni, a rà á. Ẹni tó ń pariwo rẹ̀ jù nìkan mu máàtì mẹ́ta.

Ẹ tún ràn wá lọ́wọ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ tó wú wáyà jáde ní alẹ́ ọjọ́sí tí wọ́n gé e sọ sínú gọ́tà. Wọ́n rò pé bàbà ló wà nínú ẹ̀. Gíláàsì ni o! Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, kò sí oníkọ̀ńdẹ́mù kankan tó máa rà á lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn kọ́ńpìnì fóònù, fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí àwọn kọ́ńpìnì fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà, ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe ṣépè lórí WhatsApp? Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, fáíbà wa ò ní kí wáyà abẹ́ òkun má já mọ́ bó ṣe já ní March 2024 tí gbogbo wa wà lókùnkùn, a ṣì máa ra íntánẹ́ẹ̀tì lápapọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ àdúgbò, àwa la ni ín. Ẹ̀rọ tó máa pín íntánẹ́ẹ̀tì sílé-sílé, ojú rẹ̀ kan ń gbé ilé 32, ojú mẹ́rin ló wà lára tiwa, ó gba gbogbo wa, ó ṣẹ́ kù. Àwa la máa dá iye tá a máa san lóṣù, èrè ẹ̀ á sì wà nílé.

Ìyá aládìrẹ kan wà n'Ítòkú, ₦5,000, ₦5,000 ni wọ́n fi ń san tiwọn títí wọ́n fi parí. Tí wọ́n bá fẹ́ fi fídíò aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà lókè òkun, orí òkúta ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gùn lálẹ́, wọ́n á na fóònù sókè, nǹkan róbótó yẹn á máa yí, á máa yí, tó bá ku díẹ̀ kó lọ á já. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀fọn bo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ìgbà wo ni?" Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá lọ́dún 1859, kó tó di pé ibòmíì ní Nàìjíríà ní ìwé ìròyìn, ìlú yẹn náà la ti ń gun òkúta wá nẹ́tíwọọ̀kì!

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Lancashire, lápá àríwá England, àwọn àgbẹ̀ àti ará abúlé dá ẹgbẹ́ fáíbà tiwọn, B4RN, sílẹ̀ ní 2011, wọ́n ra ṣíà, wọ́n gbẹ́ kòtò gba inú oko ara wọn, gígábíìtì kan ní £30 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín, ẹnì kan ní ká kọ́kọ́ wá rí òun kí páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹbí kọjá, ilé tí gbogbo wa jọ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ní Mankosi ní South Africa, abúlé tí iná ò tó, sólà ni wọ́n fi gbé nẹ́tíwọọ̀kì Zenzeleni tiwọn dìde, ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni "ẹ ṣe é fúnra yín". Kí la fẹ́ fi ṣàwáwí?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni tàwọn ará òdìkejì odò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa. A jọ wà níbi ìnáwó kan, ọ̀kan nínú wọn na fóònù sí mi, ọmọ ẹ̀ ní Kánádà ló wà lójú fídíò, ó mọ́ gaara, kò já lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i." Kì í ṣe ìkíni ló fẹ́. Mo kí i náà, mo jókòó, làfún tí wọ́n gbé síwájú mi ò wọlé mọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, àáró ni Lísàbí fi kó àwọn bàbá wa jọ kí wọ́n tó kọjú sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la. Àwọn 44 ti wá sóko yín o. Ẹ̀yin 29, ẹ ti wẹ odò dé àárín, ẹ má dúró síbẹ̀. Tí nǹkan bá le, ẹ pe Alága, kó sẹ́ni tó máa bú yín, ìdákẹ́ yín ló ń pa wá.

Owó: ₦60,000, tàbí ₦20,000 lẹ́ẹ̀mẹta. Àkáùntì ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni, ti ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé yín sí i, ẹ fi rísíìtì ránṣẹ́ sí Akápò. Ìparí oṣù yìí ni.

Ẹlẹ́rọ àpáta ti ní òun máa wá ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀ tá a bá ti san ìdajì fún òun. Ìyàwó Akápò náà sì ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an làwọn máa gbé gààrí kúrò, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣáájú.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀