Ẹ Jẹ́ Kí Kerberos Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn tó ń bójú tó sáfà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń kọ mí lóminú. Wọ́n ti kó orúkọ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sínú OpenLDAP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn òǹlò, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi àṣẹ ldapsearch wá orúkọ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó gan-an ni àwọn mìíràn ń kọ sẹ́yìn -w, tí yóò sì wà nínú fáìlì .bash_history, tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ tí a bá tẹ̀, fún ẹni tó bá ṣí i. Bí kò bá sì sí TLS, tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, gbangba ni yóò máa gba ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá.

Nítorí irú ewu yìí ni wọ́n ṣe gbé Kerberos, ètò tó ń jẹ́rìí ẹni tí òǹlò jẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́, jáde ní MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Òun náà ni Active Directory, ètò àkọsílẹ̀ òǹlò ti Microsoft, ń lò láti ìgbà Windows 2000. Òṣìṣẹ́ yóò tẹ àṣẹ kinit lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì (ẹ̀rí ìdánimọ̀ orí kọ̀ǹpútà) tí àkókò rẹ̀ ní òpin, lẹ́yìn náà ldapsearch -Y GSSAPI, tó ń lo tíkẹ́ẹ̀tì náà, kò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú rẹ̀ tó sú wọn. Ibi tí ó ti máa ń dí wọn lọ́wọ́ kò pọ̀. Sáfà LDAP gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Kerberos, tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ldap/, tí orúkọ ẹ̀rọ náà ní kíkún yóò sì tẹ̀ lé e; nítorí náà, ẹni tó bá fi nọ́ńbà IP pe sáfà lè máà rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà. Slapd, ìyẹn ètò sáfà OpenLDAP, kì í sábà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi root, òǹlò tó ní gbogbo agbára: lórí Debian, irú Linux kan, openldap ni orúkọ tó ń lò, bí openldap kò bá sì lè ka fáìlì keytab, tí kọ́kọ́rọ́ Kerberos ti sáfà wà nínú rẹ̀, pàbó ni gbogbo làálàá náà yóò já sí.

Aago ló le jù nílẹ̀ wa. Kerberos kì í sábà gba ìyàtọ̀ tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ láàárín ẹ̀rọ méjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ̀ǹpútà tí bátìrì inú rẹ̀ ti kú lè padà sí ọdún tó ti kọjá nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà. Kí wọ́n fi chrony, tó ń tún aago ṣe láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sórí gbogbo ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Kí wọ́n wá tẹ ldapwhoami -Y GSSAPI, kí wọ́n wo orúkọ tí sáfà fi mọ̀ wọ́n; bí ó bá parí sí cn=gssapi,cn=auth, authz-regexp, ìlànà kan nínú ètò slapd, ni yóò so ó mọ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà gan-an. Bí èyí bá ti dúró, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó tó ti wà nínú àwọn fáìlì àtijọ́ padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan