Olóòtú, ẹ bá wa dá sọ́rọ̀ síkéèlì àwọn oní gáàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé àwọn oní gáàsì ń rẹ́ wa jẹ, pé wọ́n ti yí síkéèlì oníná wọn, èmi ò ní irọ́ ni o, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ ohun tó yẹ ká wò tá a bá débẹ̀, ká ṣáà sanwó ká máa lọ ni.

Irin kan ló wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé sìlíńdà lé, load cell ni wọ́n ń pè é, wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn lára. Tí nǹkan bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, irin yẹn á tẹ̀ díẹ̀, títẹ̀ tí ojú ò lè rí, wáyà náà á nà, bí iná ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá á yí pa dà, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ á ṣírò di kílò. Ó ti pẹ́ díẹ̀ o, 1938 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Edward Simmons àti Arthur Ruge, ronú kan wáyà alẹ̀mọ́ yìí, kálukú lọ́tọ̀. Òun náà ló wà nínú èyí tí wọ́n fi ń wọn báàgì wa ní éápọ́ọ̀tì àti èyí tí tírélà ń gùn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ti tẹ irin yẹn ló máa kà. Tí ọmọ iṣẹ́ bá fẹsẹ̀ kan lé e, tàbí tí hóòsì bá rọ̀ lé sìlíńdà, gáàsì ẹ ti dín nìyẹn. Kódà èyí tí wọ́n sẹ́ẹ̀tì ní Beijing, tí wọn ò bá tún un sẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, 50 kílò á fi nǹkan bíi 100 gíráàmù dín lójú ẹ̀, torí ilẹ̀ ọ̀hún ń fa nǹkan mọ́ra ju tiwa lọ. Oní gáàsì nìyẹn máa pa lára ṣá, kì í ṣe àwa, ẹ ò rí nǹkan!

Kí wọ́n tó gbé sìlíńdà yín lé e, ẹ rí i pé 0 ló wà lójú ẹ̀. Ìwọ̀n sìlíńdà lófìfo wà lára ọrùn ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 13.2, tẹ́ ẹ ra 6 kílò, 19.2 ló gbọ́dọ̀ hàn, tí gáàsì bá sì ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Bọ́tìnnì TARE yẹn, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sìlíńdà di òdo, kì í ṣe olè, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n lójú yín, tó bá bí wọn nínú ẹ gba ibòmíì lọ.

Àwọn Weights and Measures, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí okòwò, ló ni iṣẹ́ yíyẹ síkéèlì wò. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán oníròyìn yín lọ bi wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn oní gáàsì àdúgbò gbẹ̀yìn?

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn