Ẹ má kọ Cardinals sí ẹ̀gbẹ́ 1925 mọ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ojú ìwé eré ìdárayá yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú gidi. Ẹ to orúkọ àwọn tó gba ife NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, kí Super Bowl, ìdíje àṣekágbá wọn, tó dé, ẹ wá kọ Chicago Cardinals sí ẹ̀gbẹ́ 1925, láìfi gbólóhùn kan tì í. Ṣé ẹ̀yin náà?

Ta ni kò mọ̀ pé Pottsville Maroons, ẹgbẹ́ ìlú àwọn awaèédú ní Pennsylvania, ló nà wọ́n? Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1925 ni, ní Chicago, lórí pápá tí yìnyín bò, 21 sí 7. Ilé wọn ni wọ́n ti nà wọ́n o! Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Maroons fi lọ bá àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Notre Dame rí ta kàn-ǹ-gbọ̀n ní Philadelphia, wọ́n tún borí, 9 sí 7. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn nìyẹn. Líìgì ní Frankford Yellow Jackets, ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì, ló ni àdúgbò yẹn, Maroons kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Maroons ní ọ́fíìsì líìgì ti fọwọ́ sí i lórí tẹlifóònù. Líìgì ní irọ́ ni. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n lé wọn dànù, ife bá lọ.

Cardinals ńkọ́? Wọ́n sáré ṣètò ìdíje sí i kí wọ́n lè rí ife gbà. Àwọn ọmọ ilé ìwé girama wà nínú àwọn tí ẹgbẹ́ Milwaukee kó wá, Cardinals sì nà wọ́n ní 59 sí 0. Chris O'Brien tó ni Cardinals pàápàá kọ ife ọ̀hún. Àwọn tó ra ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e mọ́ra.

Àwọn ọ̀gá líìgì wọ̀nyí, owó nìkan ló ń dùn wọ́n. Ní 2003 wọ́n dìbò lé e, 30 sí 2, pé àwọn ò ní tú ẹjọ́ náà wò. Ẹni tí wọ́n nà nílé ló ṣì ń jẹ́ olúborí!

Pennsylvania ni mò ń gbé. Bàbá kan níbi iṣẹ́ mi, tí àwọn ara ilé rẹ̀ wa èédú nítòsí Pottsville, rí ìwé ìròyìn yín lórí tábìlì mi. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí 1925, ó rí Cardinals, ó gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n wá ṣàlàyé. Kí ni kí n sọ? Èédú ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ́kù láyé ní kí wọ́n fi gbẹ́ ife fún wọn. Ife èédú náà wà ní ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù wọn ní Canton, ní Ohio.

Kí líìgì tún ìbò náà dì. Kí Cardinals fúnra wọn jọ̀wọ́ rẹ̀. Àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín rọrùn jù: ẹ fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 1925. Nísàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé: "Pottsville nà wọ́n ní 21 sí 7, líìgì gba ife lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ni Cardinals kọ̀ ọ́." Ẹ má kọ ọ́ wínníwínní bíi ti ìpolówó oògùn o, kí ó tó orúkọ àwọn yòókù. Kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà máa kà á bí wọ́n bá dé 1925, kí wọ́n má fò ó. Bí àyè ò bá gbà, ẹ yọ fọ́tò kan kúrò, fọ́tò yín ti pọ̀ jù.

Òǹkàwé yín,
Pennsylvania, Amẹ́ríkà